Níkẹ́ẹ̀lì Tó Tán Nínú Táńkì Wa

Ó ti tó ọdún méjìlá báyìí tí mo ti ń bọ́ àwọn ẹ̀dá kan tí ojú lásán kò lè rí, tí atẹ́gùn tí gbogbo wa ń mí sínú sì jẹ́ májèlé fún wọn. Inú táńkì irin ńlá kan ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ tó wà lápá Finglas, ní àríwá Dublin. Oúnjẹ tí ìlú yìí kò jẹ tán, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀: èèpo ànàmọ́ òyìnbó, búrẹ́dì tó ti bu, ìrẹsì tó ṣẹ́ kù sílé oúnjẹ, ẹja tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. A ó lọ̀ ọ́, a ó gbé e kaná kí àrùn inú rẹ̀ kú, a ó sì fi páìpù tì í sínú táńkì. Àwọn kan nínú àwọn ẹ̀dá yẹn á jẹ ẹ́ di omi, àwọn mìíràn á sọ omi náà di ásíìdì, àwọn tó gbẹ̀yìn, tí mo fẹ́ràn jù, á sì sọ ásíìdì di gáàsì mẹ́tẹ́ènì. Gáàsì yẹn la ń sun láti fi pèsè iná mànàmáná.

Mo ń fi iṣẹ́ yìí yangàn, mi ò sì fi bò. Nígbà tí mo dé Dublin, lásìkò tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà wá sá di ìlú yìí ní nǹkan bí ọdún 2000, oyún oṣù méje ló wà nínú mi, ìjọba kò sì gbà kí irú wa ṣiṣẹ́ láìní ìwé. Nígbà tí ìwé mi jàjà dé, ìnulẹ̀ ni mo rí ṣe, ní ilé iṣẹ́ yìí kan náà. Mò ń nulẹ̀, mò ń wo ojú ẹ̀rọ, mò ń da ìbéèrè bo ẹnikẹ́ni tó bá dúró, títí ọ̀gá fi ní kí n kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ náà kí òun lè sinmi lọ́wọ́ ẹnu mi. Lónìí, èmi ni olórí àwọn tó ń bójú tó táńkì láàárọ̀. Ọkùnrin Irish mẹ́rin ló wà lábẹ́ mi. Wọn kì í pe táńkì ní táńkì, "yoke" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń pe nǹkan ní "kiní yẹn". "How's the yoke this morning, missus?" ni wọ́n máa ń bi mí, èmi á fa imú, á sì sọ fún wọn.

Imú ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ wà, nọ́ńbà wà, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó sọ pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́, imú mi á ti gbọ́. Ọmọbìnrin tí mo bí níbí máa ń ṣí fèrèsé tí mo bá wọlé wa ní Corduff. "Ma, you smell like the brown bin," ló máa ń wí, bí ẹni ń pè mí ní garawa àjẹkù oúnjẹ, pẹ̀lú ohùn Dublin tó wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi náà á ní òórùn yẹn ló gbé e dé yunifásítì, kó rọra.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn ni ọmọbìnrin kan dé sí ilé àyẹ̀wò wa. Ọmọ Yorùbá ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Nàìjíríà ló ti kàwé wá kó tó wá gba oyè kejì níbí. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fẹ́ fi dán an wò. Bó bá yege, ilé iṣẹ́ á kọ̀wé sí ìjọba kí wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Bí kò bá yege, ìwé tó fi ń gbé ìlú á parí, á sì di ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lọ́jọ́ kejì, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó ṣe gbọ́ orúkọ mi báyìí, ìkúnlẹ̀ ló kúnlẹ̀, lórí kọnkéré tó tutù, pẹ̀lú bàtà irin àti akoto lórí. "Ẹ káàárọ̀ mà." Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mi sáré wá fa apá rẹ̀ sókè. "Ah, are you all right, love? Did you fall?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó dùn mọ́ mi nínú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí mi bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé oúnjẹ ọ̀sán tiẹ̀ mọ́ tèmi.

Ibi tí a ti ń jẹun ọ̀sán ló ti bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Mummy, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ́ wọn látọjọ́ yìí, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gáàsì yẹn?"

Mo ní, "Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń só. Kí ló tún kù?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìrẹsì há a lọ́fun. Nígbà tó mí tán, ó ṣàlàyé. Ó ní nínú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù kò lè dá ṣe é lọ́wọ́ òfìfo. Ó ní olùrànlọ́wọ́ kékeré kan tó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, òun ni koẹ́ńsáìmù. "Ẹ wò ó bí òṣùká mà. Òṣùká kọ́ ló ni ẹrù, òun kọ́ ló sì ń rìn, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ wá wo bí ẹrù ṣe máa dé ilé." Ó ní koẹ́ńsáìmù kan wà tí wọ́n ń pè ní M, òun ló máa ń ru ègé kábọ́ọ̀nù kékeré kan dé òpin ọ̀nà. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní B á wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tó ń sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún wọn jókòó sáàárín, irin bíńtín kan tí wọ́n ń pè ní níkẹ́ẹ̀lì sì wà ní àyà rẹ̀. Bí ẹrù yẹn bá ti sọ̀ báyìí, ó di mẹ́tẹ́ènì. Bí níkẹ́ẹ̀lì yẹn kò bá sí, ẹrù kò ní sọ̀ láéláé.

Nígbà tí a jẹun tán, ó mú mi wọ ilé àyẹ̀wò, ó pa iná, ó sì kán omi táńkì wa díẹ̀ sábẹ́ maikirosikóòpù. Iná kan wà lára rẹ̀ tó jọ èyí tí wọ́n fi ń yẹ owó wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí n wò ó. Kí ni mo rí? Àwọn ẹ̀dá wọ̀nyẹn ń tàn! Àwọ̀ búlúù tó fara mọ́ àwọ̀ ewé, ọ̀kẹ́ àìmọye wọn, wọ́n tàn wíríwírí. Ó ní koẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń gbé agbára kiri nínú wọn ló ń tàn bẹ́ẹ̀, pé bí wọ́n bá ń tàn dáadáa, ara wọn le nìyẹn. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti fi ń bọ́ wọn nígbà yẹn, mi ò sì rí wọn rí. Mo dúró sídìí awò yẹn títí ọrùn fi ń dùn mí. Mo sọ fún un pé, "Ọmọ mi ni gbogbo ìwọ̀nyí o." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ọmọ yín ni wọ́n."

Ní ọdún yẹn kan náà, kí ọmọ yìí tó dé, ilé iṣẹ́ wa ti dẹ́kun gbígba ìgbẹ́ màlúù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Oúnjẹ ìlú nìkan là ń gbà. Ó dára lójú gbogbo wa, nítorí oúnjẹ ń mú gáàsì wá ju ìgbẹ́ lọ. Oṣù bíi mélòó kan kọjá, gáàsì ń pọ̀ sí i, àwa náà ń ṣakọ.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ òórùn. Òórùn kíkan kan báyìí, bí ògì tó ti pẹ́ jù. Ásíìdì ti ń gbára jọ nínú táńkì. Èmi ti rí irú rẹ̀ rí. Táńkì ti jẹ àjẹkì nìyẹn, mo sì mọ oògùn rẹ̀: a ó dín oúnjẹ kù, a ó da ẹfun díẹ̀ sí i láti pa kíkan rẹ̀, a ó sì fún un láyè. Mo pàṣẹ, wọ́n ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọmọ náà wá bá mi níbi tí mo dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì. Ó kí mi. Ó béèrè ilé. Ó béèrè ọmọ. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Mummy, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Ó kàn dà bíi pé, bóyá, wọn ò jẹ jù. Bóyá nǹkan kan ló ti tán lára wọn, àwọn irin bíńtín bíi níkẹ́ẹ̀lì, bíi kóbọ́ọ̀tì. Nínú ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n ti ń rí i tẹ́lẹ̀ ni mo rò. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣe wí náà ni mà."

Kí ni mo gbọ́ nínú gbogbo ìyẹn? Mo gbọ́ "ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù." Mo gbọ́ "bẹ́ ẹ bá ṣe wí." Èyí tó wà láàárín, mo jẹ́ kó kọjá lọ. Àwọn ọkùnrin mi wà nítòsí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ àná ń kọ́ mi níṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Kò sí ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ ilé tó máa gbọ́ òwe yẹn kó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun mà," ó sì padà sínú ilé àyẹ̀wò.

Òfin wa ni pé ohun tí a bá fẹ́ dà sínú táńkì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, kí èmi sì fọwọ́ sí i. Ọmọ náà kò kọ nǹkan kan. Lójú tiẹ̀, bó bá kọ ọ́ lẹ́yìn tí mo ti sọ̀rọ̀, ó ti fẹjọ́ mi sùn nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi dín oúnjẹ kù, tí mò ń da ẹfun. Táńkì kò gbọ́ tèmi. Gáàsì já wálẹ̀, ìfóòfó ń ru sókè, ó ń gba ojú páìpù jáde. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ó lè di dandan kí a gbọ́n gbogbo rẹ̀ dànù, kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé gbogbo àwọn ẹ̀dá yẹn á kú.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan ni ọ̀gá pe gbogbo wa jọ. Ọkùnrin Irish ni, ohùn rẹ̀ kì í ga, ṣùgbọ́n tó bá rẹ ohùn nílẹ̀ gan-an, ẹ ṣọ́ra. Ó kọjú sí ọmọ náà, ó ní, "Did the lab not see this coming?"

Ọmọ náà wo ilẹ̀.

"Is there anything in the book? Anything at all?"

Ó tún wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tí ìwolẹ̀ yẹn jẹ́. Ọmọ tí a kọ́ kì í tẹ ojú mọ́ àgbà nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Ṣùgbọ́n lójú òyìnbó, ẹni tó ń wolẹ̀ ti jẹ̀bi. Ọ̀gá ní kó wá lọ́jọ́ Friday, pé òun á pe ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ náà, wọ́n á sì wò ó bóyá iṣẹ́ yìí bá a mu. Oṣù kan péré ló kù nínú oṣù mẹ́fà rẹ̀.

Èmi ńkọ́? Àga méjì ló wà láàárín wa. Mo dákẹ́. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán lẹ́nu. Ojú ń tì mí títí di òní bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mi ò lè jẹun nílé. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo lọ tààrà sí ilé àyẹ̀wò, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún ọ̀gá pé o ti sọ fún mi?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo wí. "Háà, Mummy. Ṣé kí n wá máa fẹjọ́ yín sùn níwájú òyìnbó ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ yìí ti ṣetán láti kó ẹrù padà sílé nítorí kí ojú má bàa ti èmi. Mo jókòó. Mo ní kó fi ohun tó ń rí hàn mí. Ó pa iná, mo wo inú awò. Áà. Àwọn ọmọ mi ti ṣú. Díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n ń tàn bí ẹni tí kò fẹ́ tàn mọ́.

Ó wá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó máa ń gbóná, èyí tí àwọn ọkùnrin wa ń pè ní "the hot press". Bọ́tìlì méjì ló wà lẹ́yìn pátápátá, tó fi aṣọ ìnura bò. Omi táńkì wa ló wà nínú méjèèjì, ó sì fi bàlúùnù dé wọn lẹ́nu. Ọ̀kan, kò fi nǹkan kan sí i. Èkejì, ó kán níkẹ́ẹ̀lì àti kóbọ́ọ̀tì díẹ̀ sí i, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Bàlúùnù ti àkọ́kọ́ ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ti èkejì ti wú, ó le dan-in.

Mo ní, "Látìgbà wo?"

"Látìgbà tẹ́ ẹ ti pòwe yẹn mà." Ó ń fọwọ́ ra apá aṣọ rẹ̀. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá yín jà o. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà tí mo lè fi hàn yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń dúró kí n bi í. Mi ò bi í.

Nígbà tí ọjọ́ Friday dé, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo gbé bọ́tìlì méjèèjì kalẹ̀ sórí tábìlì ọ̀gá. Mo ní, "She told me. Three weeks ago she told me, and I told her to whisht." Ọ̀rọ̀ Irish ni, ẹni tí wọ́n bá sọ ọ́ fún, kó panu mọ́ ni. Àwọn ọkùnrin mi wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Ọ̀gá yíjú sí ọmọ náà. "Is that right?"

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ yìí wí. Ó ní, "No, sir. Mummy is only being kind. I didn't explain it well."

Inú bí mi! Mo ti bọ́ra sí ìhòòhò níwájú gbogbo ayé tán, ọmọ yìí tún ń wá aṣọ tó máa fi bò mí. Mo yí sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ Yorùbá níbẹ̀ níwájú wọn.

"Wò ó, ìwọ ọmọ yìí. Ta ni àgbà nínú èmi àti ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni mà."

"Bí àgbà bá rán ọmọ níṣẹ́, kí ni ọmọ máa ń ṣe?"

"Á jẹ́ ẹ mà."

"Ó dáa. Mò ń rán ọ níṣẹ́ báyìí. Sọ fún ọ̀gá pé mo ṣì í. Sọ ọ́ kó dún, kí n tó bínú o."

Ọ̀gá ń wò wá lọ wò wá bọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mi ń rọra béèrè pé, "What's she saying to her?" Ọmọ náà gbé orí sókè. Mi ò rò pé ó ti wò mí lójú báyẹn rí. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"She was wrong," ló wí. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó tún un sọ, lọ́tẹ̀ yìí kò gbọ̀n mọ́. "She said they were overfed, and she was wrong. They're starving. Not for food. For nickel."

Bó ṣe là á nìyẹn o. Ó ṣàlàyé M, ó ṣàlàyé B, ó ṣàlàyé èyí tó ń tàn àti ìdí tó fi ṣú, ó sọ iye tí a ó kán sí táńkì àti ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ kán an jù, láìwo ìwé kankan. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti wà ní ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì pè mí ní aláṣìṣe lójú èèyàn kó lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó ti bọ́tìlì méjì, wọ́n ń kà á sí mi lọ́rùn ní èdè òyìnbó, orí mi sì ń wú.

Nígbà tí a jáde, ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún. "Mummy, ẹ forí jì mí."

Mo ní, "Èmi ló yẹ kó bẹ̀ ọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́, má bínú."

Ó fọwọ́ di etí méjèèjì. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mà! Ẹ jọ̀ọ́!" Mo fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò létí, mo sì tún un sọ kó lè gbọ́ ọ.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la kán níkẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ sí i, èmi ni mo fọwọ́ síwèé. Ọjọ́ mélòó kan kọjá tí nǹkan kò yí padà, mi ò sì sùn dáadáa. Lẹ́yìn náà kíkan yẹn bẹ̀rẹ̀ sí lọ, díẹ̀díẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, gáàsì ti padà. Ọ̀gá wo nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ, ó ní, "Grand," ìyẹn pé ó ti dára, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lẹ́tà ilé iṣẹ́ dé láàárọ̀ ọjọ́ Monday kan. Ọmọ náà mú un wá bá mi láìṣí i, ó ní kí n bá òun ṣí i. Mo ṣí i. Wọ́n ti gbà á pátápátá, wọ́n sì ti kọ̀wé sí ìjọba fún ìwé àṣẹ rẹ̀. Mo pe àwọn ọkùnrin mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, mo sì kà á sókè fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ẹ̀rín pé ta wá ni ọ̀gá nídìí táńkì báyìí, èmi ni àbí ọmọ náà.

Mo ní èmi ni. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yìí bá ti sọ fún wọn pé mo ṣì í, òun ni kí wọ́n gbọ́ tirẹ̀.